Màmá Ẹ̀bá Fèrèsé

Kí n tó dé wọ́ọ̀dù, mo rò pé àwọn olódo nìkan ló máa ń ṣàṣìṣe. Ohun tí wọ́n fi kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì l'Ákùúrẹ́ nìyẹn, bí wọn ò tilẹ̀ sọ ọ́ jáde lẹ́nu: ẹni tó bá kàwé rẹ̀ dáadáa kò ní ṣi abẹ́rẹ́ gún. Èmi sì rèé, mo kàwé. Mo lè ka àmì àìsàn àtọ̀gbẹ lórí bí ẹni ń ka àdúrà Baba Wa. Ìgbà tí wọ́n wá kó wa lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìdànrè láti lọ kọ́ṣẹ́ lára aláìsàn gidi ni mo tó rí i pé àṣìṣe inú wọ́ọ̀dù kò mọ olódo yàtọ̀ sí ọ̀jáfáfá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ilé la ti gbé wọn wá. Àwọn òbí wa ló fi kọ́ wa, wọ́n sì fi pàṣán tì í kó lè wọ̀ wá lára.

Ẹ wo ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá kan náà. Ó ń wẹ ọgbẹ́ ẹsẹ̀ bàbá kan. Ó ti wọ ìbọ̀wọ́ tí kò gbọdọ̀ kan ohunkóhun tí kò mọ́, ó ti tẹ́ aṣọ, ó ti to irinṣẹ́, gbogbo nǹkan ń lọ bó ti yẹ. Ni mátírọ́ọ̀nù wa bá wọlé. Kí ọ̀rẹ́ mi tó sọ pé "Ẹ káàárọ̀, mà" tán, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti wà nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì náà sì ti tẹlẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù wo ìbọ̀wọ́, ó wo ilẹ̀ wọ́ọ̀dù, ó ní, "Dìde. Lọ bọ́ ọ dànù, kí o tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀." Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rẹ́ mi dúró gbọn-in, ó kí i lóòró. Bàbá tó ń wẹ ọgbẹ́ fún ló wá bínú. Ó ní, "Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń kí ìyá nílé yín?" Ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́kún. Èmi rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí. N kò mọ̀ pé tèmi ń bọ̀ lọ́nà.

Ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi l'Átọ́sìn ni mo ti dàgbà. Ohun kan tí ìyá àgbà yẹn kì í gbà lọ́wọ́ ọmọdé ni kó pe àgbàlagbà lórúkọ. O ò gbọdọ̀ pè é, o ò sì gbọdọ̀ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Bí ó bá rán mi níṣẹ́, "ìyá tó ń ta iyọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì" ni yóò sọ, tàbí "bàbá olóko kòkó tó lálùpùpù". Mo ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama kí n tó mọ orúkọ òun fúnra rẹ̀, orí káàdì ìdìbò ni mo sì ti rí i. Ojú tì mí bí ẹni tó ṣèèṣì ṣílẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ lé àgbà lórí.

Nọ́ọ̀sì sì ní òfin tirẹ̀. Kí o tó fún ẹnikẹ́ni lóògùn, bi í lórúkọ, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Má ṣe sọ ọ́ fún un kó kàn mi orí. Nínú kíláàsì, gbogbo wa la pariwo "Yẹ́ẹ̀sì, mà." Kíláàsì nìyẹn. Nínú wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, màmá arúgbó ló kún gbogbo bẹ́ẹ̀dì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ju ìyá àgbà mi lọ. Ta ló fẹ́ dúró sí orí irú wọn kó ní "Kí lorúkọ yín?" bí ọlọ́pàá tó mú olè? A bá wá ọgbọ́n dá. A ń fi ibi tí wọ́n sùn sí pè wọ́n: Màmá ẹnu ọ̀nà, Màmá abẹ́ fáànù, Màmá ẹ̀bá fèrèsé. Ọ̀wọ̀ la rò pé à ń bọ̀ fún wọn. Wọ́n sì fẹ́ràn wa, wọ́n ní ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni wá.

Màmá ẹ̀bá fèrèsé ló ní àtọ̀gbẹ. Àràárọ̀ ló ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì kó tó jẹun. Màmá ẹnu ọ̀nà ní tirẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé e wá, oògùn oníhóró kékeré funfun ló ń gbé mì. Aládùúrà ni àwọn méjèèjì, àwọn méjèèjì ló gbẹ pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́, àwọn méjèèjì ló ń wé gèlè funfun kan náà débi ìpéǹpéjú. Èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló dàgbà jù.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí n kò mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, kí a tó dé ibi iṣẹ́, Màmá ẹnu ọ̀nà sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé ooru ẹnu ọ̀nà kò jẹ́ kí òun mí, òun sì fẹ́ ẹ̀bá fèrèsé kí ojú òun máa rí òkè. Ìyẹn gbà. Ó ká ìró rẹ̀, ó gbé Bíbélì àti fúláàsì rẹ̀, ó sì lọ sórí bẹ́ẹ̀dì ẹnu ọ̀nà. Àgbà ló béèrè, àbúrò a sì dìde. Wọn ò sọ fún nọ́ọ̀sì kankan, nítorí ọ̀rọ̀ àárín àgbà méjì ni, kí ló kan ọmọdé níbẹ̀? Ohun kejì tí n kò mọ̀ ni pé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀bá fèrèsé yìí ń gbààwẹ̀. Ìjọ rẹ̀ wà nínú ààwẹ̀, kò sì rí ìdí tí ìbùsùn ilé ìwòsàn fi ní kí òun má bá wọn gbà á. Nígbà tí wọ́n gbé ògì fún un, ó dúpẹ́, ó dé e, ó sì rọra tì í sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù.

Èmi àti mátírọ́ọ̀nù la jọ fa ínsúlínì náà sínú abẹ́rẹ́. Ó wò ó, ó ní ó pé. A ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa lọ sídìí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí wọ́n pariwo rẹ̀ láti yàrá ìgbẹ̀bí, ó sì sáré jáde. Kò ní kí n dúró, kò ní kí n lọ. Mo mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, mò ń wo ilẹ̀kùn. Wọ́n ti ń gbé oúnjẹ bọ̀, oògùn yìí sì gbọ́dọ̀ ṣáájú oúnjẹ. Ọkàn mi ń sọ pé dúró, ẹsẹ̀ mi ti ń lọ.

Mo dé ẹ̀bá fèrèsé. Màmá dojú kọ ìta, ìró bò ó dé èjìká.

Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà. Ara ńkọ́?"

"A dúpẹ́, ọma mi."

"Ẹ̀yin lẹ ń gba abẹ́rẹ́ ṣúgà, àbí?"

"Ẹ̀n, ọma mi."

"Ṣé kí n gún un, mà?"

"Gún un, ọma mi. Ùwọ náà á rí ẹni tọ́jú rẹ."

Mo gún un. Ó tilẹ̀ yìn mí, ó ní ọwọ́ mi fúyẹ́. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé bí mo bá bi í pé ṣé òun ni ìyàwó gómìnà, "Ẹ̀n, ọma mi" náà ni ì bá dá mi lóhùn. Lójú tirẹ̀, ọmọ tó kí èèyàn dáadáa kì í ṣe ẹni tí à ń bá jiyàn.

Àárọ̀ ti ń di ọ̀sán lọ. Mò ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni mo rí i pé òógùn ti bo ọrùn rẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án, ó tutù. Ó sọ nǹkan kan tí kò nítumọ̀, ojú rẹ̀ sì yí. Mo ní, "Màmá!" Kò dáhùn. Mo gbóhùn sókè: "Màmá! Màmá!"

Gbogbo wọ́ọ̀dù ló jẹ́ mi. "Hẹn, ọma mi!" látẹnu ọ̀nà. "Kí lo fẹ́?" lábẹ́ fáànù. "Èmi lò ń pè?" láti ọ̀hún. Gbogbo màmá tó wà níbẹ̀ ló dáhùn, àfi èyí tí mò ń pè.

Mátírọ́ọ̀nù ti gbọ́ ariwo, ó ti ń sáré bọ̀. Ó ké sí mi láti ẹnu ọ̀nà pé, "Pe orúkọ rẹ̀! Orúkọ rẹ̀ gan-an ni kí o pè!"

Mo mọ orúkọ Màmá ẹ̀bá fèrèsé, mo ti rí i lára fáìlì. Mo ti ahọ́n mi, mo pè é. Ẹnì kan sì dáhùn. Ó dáhùn kedere, láti ẹ̀yìn mi, láti ẹnu ọ̀nà: "Èmi rèé o. Ṣé ó ti tó àkókò abẹ́rẹ́ mi ni?"

N kò gbàgbé ojú mátírọ́ọ̀nù. Ó wo ẹni tó dáhùn, ó wo ẹni tó sùn, ó wá wò mí. Èmi kò tíì lóye. Mo dúró síbẹ̀, mò ń ronú pé báwo ni ẹnì kan ṣe lè sùn síbí kó máa dáhùn lọ́hùn-ún. Ó tún tó ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ mí lórí. Mo ti fún màmá tí kò ní àtọ̀gbẹ ní oògùn tó ń fa ṣúgà sílẹ̀, kò sì sí oúnjẹ kankan nínú rẹ̀. Mo ti pa á. Bí mo ṣe sọ ọ́ nínú ara mi gan-an nìyẹn.

Mátírọ́ọ̀nù gún un lórí ìka, ó wo ohun tí ẹ̀rọ kékeré náà sọ, ó sì pariwo pé kí wọ́n gbé omi ṣúgà wá. Ó ń wá iṣan lọ́wọ́ màmá. Láìgbójú sókè, ó sọ orúkọ màmá yìí fún mi, orúkọ tó jẹ́ ti ẹ̀ gan-an. Ó ní, "Máa pè é. Má jẹ́ kó lọ."

Mo ní, "Màmá..." mo wá so orúkọ náà mọ́ ọn lẹ́yìn.

Mátírọ́ọ̀nù jágbe mọ́ mi pé, "Orúkọ ni mo ní kí o pè! Màmá wo ló ń jẹ́ Màmá?"

Mo bá pè é. Ní ìhòòhò bẹ́ẹ̀, bí ẹgbẹ́ ṣe ń pe ẹgbẹ́, bí ẹni tó juni lọ ṣe ń pe ọmọ tó rán níṣẹ́. Mo pè é, omijé ń bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo pariwo rẹ̀ títí kò fi sí ẹni tí kò gbọ́ ọ nínú wọ́ọ̀dù. N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Omi ṣúgà ń wọlé, mò ń pè, ìpéǹpéjú rẹ̀ mì, ó sì la ojú. Ó ń wo ojú mi bí ẹni tó ń wá ẹlòmíràn níbẹ̀.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Màmá yè, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni tèmi ti dàrú.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin dé láti Akùúrẹ́ nírọ̀lẹ́, olùkọ́ ni. Mátírọ́ọ̀nù kò fi ohunkóhun pamọ́ fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó mí kanlẹ̀, ó ní kò sí ẹni tí kì í ṣàṣìṣe, pé kí n má sunkún mọ́. Mo fẹ́ dì mọ́ ọn. Ni màmá abẹ́ fáànù, ẹni tí ìròyìn kì í gbó lẹ́nu rẹ̀, bá fi tirẹ̀ kún un: "Ọma kékeré yìí ló kúkú ń pe orúkọ ìyá rẹ tí gbogbo wa gbọ́." Ojú obìnrin náà yí padà. "Ìyá mi? Lórúkọ? Gàdàgbà?" Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ta ló bí ọ?" Àbí ẹ ò rí nǹkan. Ẹni tó dárí abẹ́rẹ́ jì mí, kò lè dárí orúkọ jì mí. Abẹ́rẹ́ tó fẹ́ pa á jẹ́ àṣìṣe, orúkọ tó jí i wá jẹ́ àfojúdi.

Lọ́jọ́ kejì, mátírọ́ọ̀nù mú mi dé ìdí bẹ́ẹ̀dì. Ó bi màmá pé, "Ǹjẹ́ ọmọ yìí bi yín lórúkọ kó tó gún yín?"

Màmá kò tilẹ̀ rò ó. Ó ní, "Ó bi mí. Èmi ni mo dá a lóhùn òdì. Ẹ fi ọma yẹn sílẹ̀."

Ó wá wò mí, bí ìyá àgbà mi ṣe máa ń wò mí nígbà tó bá fi ẹran sábẹ́ ẹ̀bà mi kí àwọn ìyókù má rí i. Gbogbo ohun tó kù tí mo ní láti ṣe ni kí n pa ẹnu mọ́. Mo rí i lójú mátírọ́ọ̀nù pé òun náà fẹ́ kí n pa á mọ́, nítorí bó bá jẹ́ pé màmá ló ṣi ohùn dá, kò sí ẹni tí yóò bi òun pé kí ló dé tí òun fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ ni. Bí mo bá sì sọ pé irọ́ ni, mo pe àgbà lópurọ́ lójú gbogbo ayé. Èwo ni n bá ṣe? Ẹnu mi ló ṣíwájú mi. Mo ní, "Rárá, mà. N kò bi wọ́n lórúkọ."

Màmá yí ojú sí fèrèsé. Ó ní, "Mo nawọ́ aṣọ sí i, ó ní ìhòòhò wu òun." Kò tún bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Mátírọ́ọ̀nù gba iṣẹ́ pípín oògùn lọ́wọ́ mi. Kí n máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí n máa da ìtọ̀ nù. Ó ní lọ́jọ́ tí màmá bá ń lọ sílé, èmi ni n óò fún un lóògùn àárọ̀ lójú òun. Bí mo bá ṣe é bó ti tọ́, mo parí ìkọ́ṣẹ́ mi. Bí mo bá tún bẹ̀rẹ̀ màmá-màmá, n óò dúró de àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, kí n bá wọn tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Àràárọ̀ ni mò ń kí màmá, kò dáhùn. Ó ń dá ọ̀rẹ́ mi lóhùn, ó tún ń súre fún un pẹ̀lú. Inú bí mi. Lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ sọ fún un pé òótọ́ ni mo sọ, kí ló wá dé? Lọ́jọ́ kejì, mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ bí ọkùnrin. Mo pe ìyá àgbà mi lórí fóònù, mo rò ó fún un. Ó ní, "Ọmọ wo ló ń jẹ́ kí aráyé mọ̀ pé àgbà purọ́?" Mo wá sọ ti orúkọ fún un, mo ń retí kó gbá mi létí láti inú fóònù. 

"Ó jí?"

"Ó jí, mà."

"Hùn," ni ó wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá mo ń jẹun. Di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, n kò mọ ohun tó wà nínú hùn yẹn.

Ọjọ́ tí màmá ń lọ pé. Ọmọ rẹ̀ ti kó ẹrù, ó dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ojú tó le. Mátírọ́ọ̀nù dúró lẹ́yìn mi. Mo gbé oògùn sínú ife kékeré, omi wà lọ́wọ́ mi kejì.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ yín?"

 Màmá wo oògùn, ó wò mí. Mo gbọ́ tí mátírọ́ọ̀nù yí ẹsẹ̀ padà. Mo ní ó tán, mo máa dúró de àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Màmá ní, "Ṣé o ò mọ̀ ọ́n ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"Pè é."

Ọmọ rẹ̀ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má..." Màmá gbọ́wọ́ sókè, ó dá a dúró.

"Gbogbo ẹni tó ń fi orúkọ yẹn pè mí ti kú tán," ni ó wí. "Lọ́jọ́ yẹn, mo ti ń lọ. Ọ̀nà náà tutù, ó tẹ́jú, kò sí ibi tó ń dùn mí. Ni mo bá gbọ́ tí ìyá tó bí mi ń pariwo mi pé kí n máa bọ̀ nílé. Mo wẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ Màmá lo pè, n kì bá tí wẹ̀yìn. Màmá pọ̀ nílé ayé." Ó jókòó dáadáa, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Ó yá, pè é kí n gbọ́."

Mo wo ọmọ rẹ̀. Mo wo mátírọ́ọ̀nù.  Mo pè é, ohùn mi fẹ́ẹ́rẹ́.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lo ṣe pè é."

Mo bá gbóhùn sókè, mo pè é bí mo ṣe pè é lọ́jọ́ yẹn.  Ìyá arúgbó yẹn gbé orí sókè kíá, bí ọmọdébìnrin tó mọ̀ pé òun ti pẹ́ jù níbi eré, ó ní, "Mo ń bọ̀ o!" ó sì la ẹnu rẹ̀ fún mi kí n fi oògùn sí i.